Ìkíni Orí Yìnyín

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé mo fìyà jẹ ọmọ. Èmi yìí. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré ìdárayá ní Ìwó, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbé ẹgba rí, tí ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ń dùn mí títí dòní.

Òkè bọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí, à ń ti Surrey Quays bọ̀ wá sí Peckham, nígbà tí lẹ́tà náà wọlé sórí fóònù mi. Mo kà á tán, mo tún un kà. "Olùkọ́ yìí jẹ́ kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ lórí yìnyín kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó léwu, ó sì jọ ìfìyàjẹni. Kò tíì yege." Kò tíì yege! Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó ku ibùdókọ̀ méjì kí n délé, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, kí ìbínú náà má baà bá mi wọlé. Ó bá mi wọlé náà ni. Ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá ti inú ìbínú bẹ̀rẹ̀, ìrù rẹ̀ la sábà máa ń dì mú.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bá mi jà. Òtútù, gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ènìyàn méjì lè jọ fẹ̀yìn ti ògiri kan náà fún odidi ọdún kí wọ́n má kí ara wọn. Ọkùnrin kan ń gbé ilẹ̀kùn kejì sí tèmi ní ẹsítéètì wa. Mo kí i láàárọ̀, mo kí i nírọ̀lẹ́, mo béèrè ara ilé rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ó dúró, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ṣé kò sí o? Kí lo fẹ́ gan-an?"

Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo kàn ń kí i ni.

Ní Ìwó, ìkíni ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, olè là ń pè é. Níbí, ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn jù ni wọ́n ń fura sí. Ó pẹ́ kí n tó kọ́ láti máa kọjá lára ènìyàn bí ẹni ń kọjá lára òpó iná. Mo kọ́ ọ náà. Ọjọ́ tí mo kíyè sí i pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, inú mi kò dùn.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ ìnulẹ̀, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín. Gbogbo ilẹ̀ àárín rẹ̀, omi dídì ni, ó funfun, ó ń dán, ó gùn bíi pápá ilé ìwé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọbẹ̀, mo dúró pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́, mo ní, "Subuhánàlláàhì." Àwọn ènìyàn tó ń sunkún òtútù níta, àwọn náà ló tún kọ́lé fún òtútù, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Rísíkátù, a máa bá mi sọ̀rọ̀ láti Ìwó lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá fún ọ báyìí?"

"Ilẹ̀ ni mò ń nù, ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí omi dídì."

"Inú fíríìsà?"

"Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀."

"Yéè! A rán ọmọ wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lọ tò ó mọ́ ẹja yìnyín!" Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì, yàrá wá dákẹ́, mo sì gbọ́ ẹ̀rín mi bó ṣe ń tán nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mo rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ọ̀pá tó tẹ̀ nídìí. Họ́kì! Àyà mi já, ó já sáyọ̀. Nítorí pé họ́kì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa, lórí ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú ọ̀pá tí káfíńtà fi igi gúáfà gbẹ́ fún wa. Tiwọn yìí yàtọ̀. Bàtà onírin ni wọ́n wọ̀, irin tó mú bí ọ̀bẹ, wọ́n ń yọ̀ lọ geere bí ìgbà tí epo bá dà sórí tábìlì. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, róbà dúdú pẹlẹbẹ kan ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń di ọ̀pá mú, ọwọ́ kan náà ni.

Mo ń wo ọmọ kan tó fún ọwọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá jù. Mo fara dà á, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo fi igi mọ́ọ̀pù kan gíláàsì tó yí yìnyín náà ká kọ́kọ́kọ́, mo fi mọ́ọ̀pù náà júwe fún un: tú ọwọ́ yẹn díẹ̀, jẹ́ kó mí. Ọmọ náà tú u. Róbà fò, ó wọlé. Kóòṣì wọn sáré wá sẹ́bàá gíláàsì. Kevin lorúkọ rẹ̀, ará àríwá ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ni, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù pàápàá kì í gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ.

"Ta ló kọ́ ọ ní họ́kì?"

"Èmi ni mo ń kọ́ ènìyàn," ni mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá parí ṣífù mi ní àárọ̀, yóò yá mi ní bàtà onírin fún ààbọ̀ wákàtí. Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Mo ṣubú níwájú, mo ṣubú lẹ́yìn, mo ṣubú níbi tí mo dúró sí jẹ́jẹ́. Oṣù kẹrin ni mo tó yí pápá náà ká láì di ògiri mú. Mo pe Ìwó lọ́jọ́ náà, kì í tilẹ̀ ṣe Jímọ̀ọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo yí i ká!"

"O yí kí ni ká? Ṣé Mẹ́kà lo lọ ni?"

"Yìnyín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo yí i ká láì ṣubú."

Ó wá ní, "O ṣeun, ọmọ Ràjí. Má ṣubú mọ́."

Bí àwọn ọmọ Peckham ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní mọ́sáláṣí wa, níbi àsàláátù ọjọ́ Àìkú, obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Mummy Áíṣà, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Brockley. Ọmọ rẹ̀, Áíṣà, jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Baba, ẹ ẹ̀ rí ọmọ yìí? Bí iná ló rí. Téèyàn bá bojú wẹ̀yìn, ó ti wà lórí ògiri káńsù."

"Ẹ mú un wá bá mi lórí yìnyín."

"Yìnyín kẹ̀? Baba, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí o!"

Áíṣà ti ń fò sókè. "Mummy, please! Màá wọ hijab mi sábẹ́ helmet, I swear. Baba á wà níbẹ̀ now."

Ó wá. Ó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kí ọdún tó yí po, wọ́n di méjìlá, gbogbo wọn ọmọ ẹsítéètì, wọ́n ń wọ bàtà àyálò. Kevin bá wa gba wákàtí kan lọ́wọ́ máníjà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àsàláátù tó bẹ̀rẹ̀. Kevin ló ní ìwé ẹ̀rí kóòṣì, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gba wákàtí náà. Èmi ni mo ń kọ́ wọn. Kevin á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa mu tíì.

Ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìjà wà. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Áíṣà ti máa ń kúnlẹ̀ kí mi ní mọ́sáláṣí, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ọjọ́ kejì tó dé orí yìnyín, ó yọ̀ wá síwájú mi, ó sì kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Áà, yìnyín ni! Kò dúró. Orí orúnkún méjèèjì ló fi yọ̀ kọjá lára mi, ó ń lọ, ó ń pariwo, "Ẹ káàárọ̀ sà-à-à!" títí ó fi kan ògiri. Àwọn yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo wọn ló ṣe é. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń fàyà fà lọ bí ọ̀nì. Wọ́n á dìde, èmi á ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: o ó dàgbà, o ó gbayì, ìyá rẹ á jẹun ọmọ. Bí ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀, mo kíyè sí nǹkan kan tí mi ò kà nínú ìwé kankan. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ lórí yìnyín kí ó sì dìde láì fọwọ́ kanlẹ̀, ẹ̀rù ìṣubú ti kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í bẹ̀rù ìṣubú. Kevin náà rí i. Ó ní, "Àwọn ọmọ rẹ yìí, kí lo fún wọn jẹ?"

Lọ́jọ́ kan, Kevin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ara bàbá rẹ̀ kò yá, ó ń padà sí àríwá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Máníjà ti sọ fún un: bí kò bá sí kóòṣì tó ní ìwé ẹ̀rí, wákàtí wa á padà sọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa fi ṣe ọjọ́ ìbí ọmọdé.

"Ìwọ ni kó lọ gba ìwé náà," ni Kevin wí. "Ta ló tún kù?"

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kóòṣì. Wọ́n wádìí mi lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kí wọ́n mọ ibi tó ti ń bọ̀. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tó fi orí sọlẹ̀, ó dára púpọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dùn mí ni fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n kọ iye ọdún tí mo ti fi ṣe olùkọ́ eré. Mo kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àpótí náà di pupa fòò. Mo tún un kọ, ó tún pọ́n. Mo wá ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ gbọ́ o. Gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́, tí àwọn kan nínú wọn ti di ìyá olóyè, ilẹ̀ tí wọ́n ti sáré kì í ṣe ilẹ̀. Mo tẹ òdo. Kọ̀ǹpútà náà tẹ́wọ́ gbà á.

Nínú kíláàsì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló jókòó tì mí. Ó ní, "Ṣé ọmọ-ọmọ ẹ lo bá wá, mate?" Mo ní rárá, èmi gan-an ni. Ó ní, "Fair play," bí ẹni ń yìn mí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí tàbí kí n ṣàdúrà fún un. Mo ṣàdúrà.

Wọ́n wá kọ́ wa pé ohun gbogbo tí kóòṣì bá fẹ́ ṣe, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ìyẹn kò jẹ́ tuntun sí mi, mo ti kọ lẹ́sìn nóòtì títí ìka mi fi tẹ̀. Mo kọ ètò tèmi ṣáká: ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìmúra gbóná, mẹ́wàá fún ìdúró, mẹ́wàá fún ìyípadà. Mi ò kọ ìkíni síbẹ̀. Ta ní ń kọ ìkíni sínú ètò iṣẹ́? Nínú gbogbo ọdún tí àwọn ìsípẹ́kítọ̀ fi wá sí kíláàsì mi ní Ìwó, àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á kí wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé ojú ewé wo ni ìyẹn wà. Ṣé ènìyàn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò mí ni?

Àṣìṣe mi nìyẹn. Bí àṣìṣe bá ni.

Ọjọ́ ìdánwò, obìnrin olùyẹ̀wò wá pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò ju ọmọ mi lọ, ó fẹsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn pápá ṣí. Àwọn ọmọ wa wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe: àwọn obìnrin lórí orúnkún, àwọn ọkùnrin lórí àyà. Mo ń dá wọn lóhùn, mo ń ṣàdúrà. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó dá wa dúró.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀ fún ọ?"

Èmi náà, mo dá a lóhùn bí ẹni tó wà ní Ìwó. Mo ní, "Nítorí pé mo jù wọ́n lọ." Ilẹ̀ ni mo sì ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé bó ti wù kó kéré tó, ọ̀gá ni lọ́jọ́ náà, a kì í sì í tẹjú mọ́ ọ̀gá. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Ó tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ́ títí.

Ohun tó wá mú ìbínú mi le ju èyí lọ nìyí. Bí a ṣe parí, Kevin gba pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn àgbà ọmọ. Obìnrin yìí kan náà ló dúró yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé Kevin ń sọ ìwé tirẹ̀ di ọ̀tun. Kevin fun fèrè, ó na ìka sílẹ̀, ogún ọmọ sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan yí pátákó tó ń yàwòrán sí ká. Bí gbogbo kóòṣì họ́kì orí yìnyín ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ọmọ lè gbọ́ràn. Kevin fi ohun tí wọ́n kọ fún un hàn mí: "Ó káwọ́ àwọn ọmọ dáadáa."

Orúnkún kan, ìkáwọ́. Orúnkún méjì, ìfìyàjẹ. Ẹni tó fi fèrè pàṣẹ ìkúnlẹ̀ yege. Ẹni tí wọ́n fi ìfẹ́ kúnlẹ̀ fún kò yege.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Jímọ̀ọ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ìyà ni ìkíni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́."

"Ọmọ tí kò mọ ènìyàn kí ni ìyà ń bẹ níwájú rẹ̀. Kí ni ìwọ wí?"

"Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ gbóná-gbóná."

"Má kọ ọ́ gbóná. Gbóná-gbóná kò ṣé gbé mì." Ó tún ní, "Ṣé wọ́n bi àwọn ọmọ náà léèrè?"

"Rárá."

"Wọ́n ń gbèjà ọmọ, wọn ò bi ọmọ?"

Òótọ́ ni.

Mo kọ ọ́ tútù. Mo béèrè kí wọ́n wá gbọ́ tẹnu wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kevin lọ nígbà tí wọ́n jókòó tì wá ní yàrá tíì pápá náà, olùyẹ̀wò àti ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Mummy Áíṣà gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ aṣọ ìtọ́jú rẹ̀ wá. Kevin wà níbẹ̀. Áíṣà jókòó sáàárín wa, ó ń mi ẹsẹ̀.

Ọkùnrin náà rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ní kí wọ́n máa kúnlẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó force wa," ni Áíṣà wí. "Èmi ni mo start ẹ̀. Bí a ṣe ń kí Baba nìyẹn, innit. Ẹ̀yin náà, ẹ ò kì í kí grandma yín?"

"Áíṣà!" ni ìyá rẹ̀ wí. Ó wá kọjú sí àwọn àlejò, ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì wọn, kò sì rọra sọ ọ́ rárá. Ó ní, "Ẹ má bínú sí ẹnu ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tèmi náà nìyẹn. Láti ọdún tí mo ti ń wẹ àwọn ìyá yín ní Brockley, orúnkún mi méjèèjì ni mo fi ń kúnlẹ̀ wọ̀ wọ́n ní bàtà. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ọ́ síbi kan pé wọ́n ń fìyà jẹ mí."

Ojú ti obìnrin olùyẹ̀wò náà. Kevin kó ọwọ́ sápò. Ó ní, "Tèmi náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ, o sì fún mi ní máàkì."

"Tìrẹ wà nínú ètò rẹ," ni obìnrin náà wí pẹ̀lú ohùn kékeré. Kò purọ́. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí. "Bó bá wà nínú ètò tìrẹ náà, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi ń ṣe é, ǹ bá má ti kọ ohun tí mo kọ."

Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún ìdánwò ṣe.

Mo jókòó ti tábìlì mi. Ṣé kí n kọ ọ́, tàbí kí n má kọ ọ́? Bí mi ò bá kọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ méjìlá pé kí wọ́n má kí mi. Bí mo bá kọ ọ́, mo ti tà á. Mo ronú lórí ọkùnrin ilẹ̀kùn kejì, àti bí mo ṣe kọ́ láti máa kọjá lára ènìyàn láì lahùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlú àjèjì ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, kì í jà á gbà. Fọ́ọ̀mù ló máa ń gbé wá, á ní kí o tẹ òdo.

Ṣùgbọ́n wákàtí àwọn ọmọ ń lọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ìṣẹ́jú méjì: ìkúnlẹ̀ àti ìdìde láì fọwọ́ kanlẹ̀. Ìdí: kí ara lè dúró, kí ẹ̀rù ìṣubú lè lọ." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Òótọ́ tó ti bọ́ṣọ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ náà mo fun fèrè. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n dìde. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú méjì ni mo kọ, àdúrà kò sì sí nínú ètò. Wọ́n kúnlẹ̀ fún fèrè, wọ́n dìde fún fèrè, méjìlá, dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú Áíṣà ń wá ojú mi láti inú akoto rẹ̀. Mo gbójú sílẹ̀.

Mo yege. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìkúnlẹ̀ náà ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè fi kọ́ àwọn kóòṣì mìíràn.

Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri mi báyìí. Kevin ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú àwòrán rẹ̀ kiri gbogbo àdúgbò. Ìbínú mi kò tíì lọ, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé ó ti lọ. Mo ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo dá nìkan dúró lórí yìnyín, pẹ̀lú orúkọ ara mi lórí ìwé, àwọn ọmọ wọlé. Wọn ò kúnlẹ̀. Wọ́n tò sórí ìlà aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń wo fèrè ọrùn mi. Áíṣà yọ̀ wá síwájú díẹ̀.

"Baba, ṣé drill ni lónìí àbí à ń kí yín?"

Mo bọ́ fèrè lọ́rùn, mo tì í bọ àpò.

"Ẹ ń kí mi."

Ẹ bá ti wà níbẹ̀! Orúnkún, àyà, ariwo, "Ẹ káàárọ̀ sà" tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ọmọ méjì kọ lu ògiri. Mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi orúkọ pe ìyá olúkúlùkù sínú àdúrà rẹ̀, mi ò sáré. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ nínú wákàtí wa.

Mi ò kọ ọ́ síbì kankan.